Ohùn Bàbá Onílù Nínú Fáìlì Tí Kọ̀ǹpútà Kà Sí Òdo

Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àgbéká kan, bàbá onílù kan tí ó ń gbé ní ìlú Ọ̀yọ́, àti ìlù tí ó tó bí wákàtí kan ààbọ̀ tí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wo káàdì ẹ̀rọ náà sọ pé ó ti ṣègbé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún nítorí mo gbà pé ọ̀pọ̀ ohùn àwọn àgbà wa ni ó ń ṣòfò báyìí lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ tó dára, tí wọ́n sì mọ bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ kí ó tó gba ohùn, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn rí ibi tí ohùn náà ń lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. N kò ní dárúkọ ìdílé náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jẹ́ ọmọ Àyàn pọ́nńbélé, ìyáàlù dùndún ni ó sì ti ń lù láti kékeré. Ẹni tí ó bá gbọ́ dùndún mọ̀ pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ìlù náà ń sọ, pẹ̀lú bí ohùn ṣe ń yọ́ láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì nígbà tí onílù bá fún ọsán tàbí tí ó bá dẹ̀ ẹ́. Ìlù kò pe kọ́ńsónáǹtì, kò sì pe fáwẹ̀lì. Nítorí náà gbólóhùn ìlù kan ṣoṣo lè bá ọ̀rọ̀ ẹnu méjì tàbí mẹ́ta mu, ẹni tí kò bá sì ti gbọ́ oríkì náà lẹ́nu àgbà rí kò lè fi gbogbo ẹnu sọ èyí tí onílù ní lọ́kàn. Bàbá mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó pinnu pé òun yóò lu oríkì orílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn kan sí èkejì, òun yóò dúró díẹ̀ lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, òun yóò sì fi ẹnu sọ ohun tí ìlù ṣẹ̀ṣẹ̀ wí, kí àwọn ọmọ tí wọn kò gbé ilé lè rí nǹkan fi kọ́ ara wọn. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí ó fi ń di kọ̀ǹgọ́ mú, ti ń dùn ún ó ti pẹ́. Ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí ó dára, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí ẹ̀ẹ̀kejì.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ni ó ra ẹ̀rọ náà. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. Ènìyàn lè fi ọwọ́ kan dì í mú. Gbohùngbohùn kékeré méjì wà lórí rẹ̀ tí wọ́n dábùú ara wọn, ọ̀kan kọjú sí òsì, èkejì kọjú sí ọ̀tún. Bátìrì AA méjì ni ó ń lò, káàdì SD ni ó sì ń kọ ohùn sí. Àwọn kan nínú ẹbí bi í léèrè ìdí tí kò fi lo fóònù tó ti ní tẹ́lẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ṣe fóònù fún jù lọ: ó sábà máa ń gbé ohùn tó bá rẹlẹ̀ sókè, kí ó tẹ èyí tó bá le rì, kí ó sì gbìyànjú láti pa ohun tó bá kà sí ariwo, láìbèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Saworo etí ìlù lè di ariwo lójú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun tí olùkọ́ yìí ṣe kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tó mọ́ ni, òun ni ó sì mú kí ohun tí a gbà padà níyelórí. Kò fi Bàbá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ògiri lásán àti páànù yóò ti máa dá ohùn padà. Pálọ̀ ni wọ́n jókòó sí, níbi tí kọ́tìnnì àti àga onítìmùtìmù ti ń gba ohùn mọ́ra. Ó pa fáànù. Ọ̀sán ni ó yàn, kí àwọn aládùúgbò tó máa tan jẹnẹrétọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà ka orí àpótí ìjókòó, ó sì ká aṣọ sábẹ́ rẹ̀ kí ìró ẹsẹ̀ má baà gba ilẹ̀ gun orí àpótí wọ inú ohùn. Ẹ̀rọ náà jìnnà sí Bàbá díẹ̀ ju ìwọ̀n mítà kan lọ, ó sì darí rẹ̀ sí agbede-méjì ojú ìlù àti ẹnu Bàbá, nítorí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wá kan ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ohùn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ohùn ìlù jẹ́. Òdo ni òkè pátápátá lórí òṣùwọ̀n ẹ̀rọ irú èyí. Ohùn tó bá fẹ́ kọjá òdo, ẹ̀rọ yóò gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ ni, kò sì sí ètò kọ̀ǹpútà kan tó lè dá orí tí a gé padà bí ó ṣe wà gan-an. Olùkọ́ ní kí Bàbá lu èyí tó le jù lọ nínú ohun tó máa lù, ó sì yí ìwọ̀n wálẹ̀ títí èyí tó le jù náà fi dúró sí nǹkan bí -12 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó). Ẹni tí kò bá lóye yóò sọ pé ohùn ẹnu Bàbá yóò ti kéré jù ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Bíìtì 24 ni ó yàn, kì í ṣe 16, ìdáhùn sì wà níbẹ̀: bíìtì 16 pín agbára ohùn sí ìpele 65,536, nígbà tí bíìtì 24 pín in sí ìpele 16,777,216, èyí tó túmọ̀ sí pé a lè gba ohùn sílẹ̀ ní ìwọ̀nba kí a sì gbé e sókè lẹ́yìn náà láìjẹ́ pé ó há. Ó tún pa ètò tí ẹ̀rọ fi ń yí ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Bí ó bá fi í sílẹ̀, gbogbo ìgbà tí ìlù bá dún ni ẹ̀rọ yóò fa ìwọ̀n wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá tó tẹ̀lé e yóò bọ́ sínú kòtò, ìwọ̀n yóò sì tún rọra gòkè padà títí mímí àwọn ènìyàn inú pálọ̀ yóò fi máa dún bí afẹ́fẹ́. Bọ́tìnnì tí ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò, tí ó wúlò fún afẹ́fẹ́ ìta, ó pa á pẹ̀lú, nítorí pé nínú ohùn ìsàlẹ̀ ni ìyáàlù ti ń sọ ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìlù ń lọ. Bàbá ṣe ti Oníkòyí, ó ṣe ti Ọ̀pómúléró, ó sì ti wọ inú ti Ológbojò nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé tó jókòó sílẹ̀ sọ pé iná ẹ̀rọ ti kú. Wọ́n dá ìlù dúró. Olùkọ́ fi bátìrì tuntun sí i, ẹ̀rọ tan, orúkọ fáìlì sì hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n àkókò tó kọ síwájú orúkọ náà ni 00:00:00. Nígbà tí ó fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà, fáìlì náà wà, ó sì jẹ́ òdo. Kọ̀ǹpútà wá gbé ìbéèrè síta pé ṣé kí òun ṣàyẹ̀wò káàdì náà kí òun sì tún un ṣe. Ẹnìkan tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò sọ fún un pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kí ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí káàdì lè wúlò fún iṣẹ́ mìíràn.

Ìgbà náà ni ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìlù Bàbá ni mo torí ẹ̀ pè yín. Òdo ni kọ̀ǹpútà ń kà."

Mo bi í pé, "Àbúrò, ṣé o ti gba nǹkan mìíràn sórí káàdì yẹn lẹ́yìn tí ẹ̀rọ kú?"

"Rárá o. Kọ̀ǹpútà ń bi mí pé ṣé kí òun tún un ṣe, n kò sì tíì dá a lóhùn."

"O káre. Má dá a lóhùn. Yọ káàdì yẹn báyìí. Kọ ojú tí wọ́n kọ nǹkan sí sí ara rẹ, wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá òsì, wàá rí nǹkan kékeré kan tó ń yọ̀ sókè sódò. Fà á wálẹ̀ sí ibi tí wọ́n kọ LOCK sí. Kí o wá gbé e bọ̀ ní Ìbàdàn fúnra rẹ, má fi rán dírẹ́bà."

Ìdí tí mo fi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Irú fáìlì tí ẹ̀rọ náà ń kọ ni WAV, tí Microsoft àti IBM gbé jáde ní 1991. Orí kan ni ó ní, tí kì í ju báìtì 44 lọ (báìtì kan jẹ́ bíìtì mẹ́jọ) bí wọn kò bá fi àfikún kankan sí i, ara rẹ̀ sì ni àwọn nọ́ńbà ohùn tó tò tẹ̀lé ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú orí yẹn ni a kọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, iye bíìtì, bóyá ohùn ń gba ọ̀nà kan tàbí ọ̀nà méjì, àti bí ara fáìlì ṣe gùn tó. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì pé kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, kò lè mọ bí a ó ṣe pẹ́ tó; nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń fi àyè gígùn sílẹ̀ lófo, wọ́n á sì padà wá kọ ọ́ nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì ìdádúró. Bákan náà ni ó rí lórí káàdì fúnra rẹ̀. FAT32 ni wọ́n fi ń ṣètò ọ̀pọ̀ káàdì tí kò ju 32 GB lọ, ibi tí ó sì ń to orúkọ fáìlì sí ní àyè kan fún ìwọ̀n fáìlì kọ̀ọ̀kan, tí òun náà sábà máa ń dúró de ìgbà tí a bá pa fáìlì dé. Bí iná bá kú lójijì kí ẹ̀rọ tó padà wá kọ nǹkan wọ̀nyí, orúkọ yóò wà, ìwọ̀n yóò jẹ́ òdo, ohùn yóò sì wà níbi tó wà lórí káàdì láìsí ẹni tó ń tọ́ka sí i.

Èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mọ̀. Òdo tí kọ̀ǹpútà kà kò sọ nǹkan kan nípa ohùn. Ìwé ìtọ́ka ni ó ṣófo. Ohun tó lè pa ohùn náà ni kí a kọ nǹkan mìíràn lé e lórí, yálà a gba ohùn tuntun, tàbí a gbà kí kọ̀ǹpútà "tún káàdì ṣe", nítorí pé àtúnṣe tirẹ̀ ni kí ìwé ìtọ́ka bára mu, kì í ṣe kí ìlù Bàbá padà wá.

Nígbà tí ó dé Ìbàdàn, ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a da gbogbo káàdì náà kọ sínú fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà, báìtì sí báìtì, títí kan ibi tí káàdì sọ pé ó ṣófo. GNU ddrescue ni mo lò, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè rí lófẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà lọ ẹ̀dà ni a ń fọwọ́ kàn, a sì kó káàdì fúnra rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Oríire kan wà níbẹ̀ tí olùkọ́ ṣe láìmọ̀ pé yóò gbà á: ó ti fi ẹ̀rọ náà pa gbogbo ohun tó wà lórí káàdì rẹ́ kí ó tó lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Lórí káàdì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa rẹ́ bẹ́ẹ̀, fáìlì tuntun yóò tò lọ tààrà láìfọ́ sí wẹ́wẹ́. Ká ní ó ti gba èyí sílẹ̀, ó pa tọ̀hún rẹ́, ó tún gba òmíràn, ìlù Bàbá ìbá wà ní ègé ègé káàkiri káàdì, iṣẹ́ ìbá sì gùn ju bó ṣe gùn lọ.

Mo wá lẹ́tà R, I, F, F nínú ẹ̀dà náà, èyí tí irú WAV yìí fi ń bẹ̀rẹ̀, a sì rí i níbi tó yẹ kó wà. Lẹ́yìn náà ni a gbé apá tó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ sínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbọ́ ohùn tí a sì fi ń gé e, láti ibi tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà lásán wọlé láìbèèrè orí fáìlì. Ẹni tó ń ṣe é ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ètò náà pé bíìtì 24 ni, pé ọ̀nà méjì ni, pé 48,000 ìgbà ni ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti iye báìtì tí yóò fò kọjá kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú báìtì 44 tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dán wò, ohun tó jáde ni ariwo kan tó le, bí òjò ńlá lórí páànù, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú olùkọ́ rẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n ariwo tó dọ́gba bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àmì pé ohùn ti kú. Báìtì mẹ́ta ni ó ń gbé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní bíìtì 24, mẹ́ta fún òsì, mẹ́ta fún ọ̀tún, mẹ́fà lápapọ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti báìtì kejì dípò èkíní, ìrù nọ́ńbà kan yóò máa di orí nọ́ńbà kejì, ariwo ni yóò sì jáde.

Orí fáìlì yìí gùn ju báìtì 44 lọ. Irú WAV tí àjọ àwọn ilé iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ilẹ̀ Yúróòpù, EBU, ṣètò rẹ̀ ní 1997 ni, tí ó ní àyè fún ọjọ́, wákàtí àti àlàyé nípa ohùn. A wá ibi tí wọ́n kọ "data" sí nínú orí náà gan-an, a ka báìtì mẹ́jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, mẹ́rin fún ọ̀rọ̀ náà, mẹ́rin fún gígùn tó wà ní òdo, a sì ní kí Audacity bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ohùn olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ jáde, tí ó ń sọ orúkọ Bàbá, ìlú, àti ọjọ́ tí wọ́n wà. Bàbá wú ikọ́ díẹ̀. Saworo mì. Ìyáàlù sì wọlé.

Ó kù kí a mọ ibi tí ìlù parí sí, nítorí pé gígùn tó yẹ kó sọ fún wa ni ó jẹ́ òdo. Ohun tó ti wà lórí káàdì tẹ́lẹ̀ ni ó ràn wá lọ́wọ́. Ìparẹ́ tí ẹ̀rọ ṣe kò nu ohun àtijọ́ kúrò, ìwé ìtọ́ka nìkan ni ó nù; nítorí náà lẹ́yìn ibi tí ìlù Bàbá dé ni ìyókù àríyá kan wà, tí ẹni tó ni ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ ti gbà sílẹ̀ ní bíìtì 16. Bí a bá ka bíìtì 16 bí ẹni pé 24 ni, ariwo ni yóò di. Lórí àwòrán ohùn tí Audacity yà, a rí ìlù Bàbá tó ń ga tó ń rẹlẹ̀ pẹ̀lú àlàfo ọ̀rọ̀ ẹnu láàárín rẹ̀, lẹ́yìn náà a rí ògiri dúdú kan tó dìde lójijì láìní àlàfo kankan. Nígbà tí a sún mọ́ ojú ààlà náà gidigidi, ó hàn pé ìlù kan ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, ohùn rẹ̀ ti gòkè, kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, kí ògiri tó gé e. A gé e síbẹ̀. Ìyókù àríyá náà kì í ṣe tiwa, a kò gbọ́ ọ, a sì yọ ọ́ kúrò nínú fáìlì ohùn tí a ń ṣe.

Ìṣirò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ohùn tó gba ọ̀nà méjì, ní 48 kHz (ìyẹn 48,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) àti bíìtì 24, ń jẹ báìtì 288,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó lé díẹ̀ ní 1 GB ní wákàtí kan. Apá tí a gbà padà tó bílíọ̀nù kan ààbọ̀ báìtì. Bí a bá pín in, ó jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 87. Ìyẹn bá ohun tí àwọn ará ilé sọ mu.

Mo fẹ́ mọ ìdí tí iná fi kú, nítorí pé olùkọ́ búra pé òun so ẹ̀rọ náà mọ́ páwà báǹkì tó kún, ó sì tún fi bátìrì sínú rẹ̀ fún ìgbà ìṣòro. A tún ohun gbogbo so bí ó ṣe so ó, a sì jókòó tì í. Kò pẹ́ tí páwà báǹkì fi pa ara rẹ̀. Kò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn nìyẹn. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kì í fa iná púpọ̀, páwà báǹkì tí wọ́n ṣe fún fóònù sì máa ń rò pé fóònù ti kún tàbí pé a ti yọ wáyà nígbà tí ohun tó ń fà á bá kéré jù. Nítorí náà, ní pálọ̀ Bàbá, láti bí ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti bọ́ sórí bátìrì inú rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Bátìrì tí à ń ṣájì ni wọ́n, wọ́n sì ti gbó. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ máa ń dúró sí nǹkan bí fóòtì (volt) 1.2 fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìgbà tí ó fi ń ṣiṣẹ́, á sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tí a bá ṣètò fún bátìrì lásán, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti 1.5 tó sì ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ní lè ka bí ó ṣe kù tó dáadáa. Nínú ètò ẹ̀rọ náà, irú bátìrì tí ẹni tó tà á lò ni ó ṣì wà níbẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, bátìrì kù sí ìlàjì fún ìgbà pípẹ́, kò sì kù sí ibì kankan mọ́ lẹ́yìn náà. Ìṣubú náà yá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kò fi rí àyè pa fáìlì dé.

Ọjọ́ tó wà nínú orí fáìlì kò tọ̀nà pẹ̀lú, nítorí pé aago ẹ̀rọ ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó ti wà láìní bátìrì fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí olùkọ́ fi ẹnu sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó gbà wá. Mo máa ń tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo ẹni tó bá ra ẹ̀rọ yìí pé kí ó sọ orúkọ, ibi àti ọjọ́ sínú ohùn kí ó tó yí ẹnu rẹ̀ sí nǹkan mìíràn. Nígbà tí Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè ọmọ Amẹ́ríkà, lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil ní 1940 sí 1941, ó gba ohùn àwọn ará ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti ilẹ̀ Brazil, sílẹ̀ lórí àwo, àwọn kan nínú wọn sì ṣì ń sọ Yorùbá. Àwọn àwo náà wà ní Indiana University. Iyì wọn fún wa lónìí ni pé a lè sọ pé ẹni báyìí ni ó ń sọ̀rọ̀, bíi Martiniano Eliseu do Bonfim, tí ó ti gbé ní Èkó nígbà èwe rẹ̀. Ohùn àgbà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ kò lè tó bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó ń wá a kiri.

Ẹ̀dà WAV náà ti wà lórí háàdì méjì báyìí, ọ̀kan ní Ọ̀yọ́, ọ̀kan lọ́dọ̀ àbúrò olùkọ́ ní Èkó, pẹ̀lú ẹ̀dà gbogbo káàdì tí a kọ́kọ́ ṣe, tí a kò fọwọ́ kàn mọ́. A kò dín bíìtì rẹ̀ kù; 48 kHz àti bíìtì 24 ni IASA, àjọ àgbáyé àwọn ilé àkójọ ohùn, kà sí ìwọ̀n tó kéré jù nígbà tí wọ́n bá ń da ohùn àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Fún àwọn ọmọ tó wà lókè òkun, olùkọ́ ṣe ẹ̀dà MP3 tó fúyẹ́ kí ó lè gba orí WhatsApp kọjá. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ti ìgbọ́ lásán ni ìyẹn. Saworo ni ó kọ́kọ́ ń sọ fún etí pé MP3 ni a ń gbọ́: bí ìwọ̀n rẹ̀ bá kéré, ìró saworo tó yẹ kó mú ṣánṣán yóò rọ̀, yóò sì dà bíi pé ẹnìkan ń rọ́ omi sórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìlù, WAV ni kí ó béèrè.

Nígbà tí ó yá, èmi àti olùkọ́ gbé ohùn náà lọ fún Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i kú ìjókòó, a sì fi ẹ̀rọ sísọ kékeré kan sí iwájú rẹ̀. Ó gbọ́ ti Oníkòyí tán láìsọ̀rọ̀. Nínú ti Ọ̀pómúléró, ó ní kí a dá a dúró, ó sì sọ pé gbólóhùn kan wà tí òun fi ẹnu sọ tí kò bá ohun tí ọwọ́ òun lù mu pátápátá. Ó sọ èyí tó tọ̀nà, olùkọ́ sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tí ó wà nínú fáìlì. Nígbà tí ó dé ibi tí ti Ológbojò ti já, Bàbá mú kọ̀ǹgọ́, ó lu ìyókù gbólóhùn náà, kò pọ̀, ó sì sọ ọ́ lẹ́nu. A gba ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tuntun, a sì tẹ bọ́tìnnì ìdádúró lẹ́yìn oríkì kọ̀ọ̀kan kí fáìlì kọ̀ọ̀kan lè dá dúró.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá sọ ohun tí kò sí ẹni tó bi í léèrè nínú wa.

"Ọmọ mi, ti Ológbojò yẹn, ọ̀rọ̀ egúngún wà nínú rẹ̀. Ẹ má gbé apá yẹn fún ará ìta."

Olùkọ́ ti yọ apá náà kúrò nínú ẹ̀dà MP3 tó ti ń lọ kiri láàárín ẹbí, ó sì bẹ àwọn tó ti gbà á tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n pa á rẹ́. Nínú WAV ó ṣì wà, ṣùgbọ́n a yà á sí fáìlì tirẹ̀ pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tó sọ ẹni tó lè gbọ́ ọ àti pé Bàbá ni ó fi àṣẹ lé e. Ohun tó kù báyìí ni kíkọ ọ̀rọ̀ ìlù sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, gbólóhùn sí gbólóhùn, pẹ̀lú ibi tí ó wà nínú fáìlì. Ti Oníkòyí ti parí, olùkọ́ sì ń ka ti Ọ̀pómúléró sí Bàbá létí ní gbogbo ìgbà tí ó bá lọ sílé, kí Bàbá tún un ṣe.